Ọkùnrin Tó Ń Ṣe Ìkà Lórí Ìtàgé

Bí ẹ bá dé Òkè Fia ní Òṣogbo, tí ẹ ní kí wọ́n júwe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe fún yín, ṣọ́ọ̀bù Silas Ògúndélé ni wọ́n máa júwe. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó ti lé ní ogójì ọdún dáadáa, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Bí oníbàárà bá jágbe mọ́ ọn, òun ni yóò tọrọ àforíjì, ìbáà ṣe pé oníbàárà náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹ̀rọ jẹ́. Bí ajá bá gbó lẹ́yìn ọgbà, á sọdá sí òdìkejì títì. Ìdùnnú, ìyàwó rẹ̀, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òjò ò tíì ṣú tán tí ọkọ òun á ti máa wo páànù òrùlé bí ẹni tó fẹ́ fi ojú dì í mú.

Ibi tí ẹ̀rù náà ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣókùnkùn sí Silas fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí ìyá rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ tó ń jẹ́ Fákúnlé, tó ní oko kòkó àti obì ní abà kan lẹ́yìn Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Fákúnlé kì í pariwo. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ na ọmọ rí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣẹ̀ ẹ́, yóò pè é, yóò ní kó jókòó síwájú òun, yóò mú obì kan, yóò sì máa fi èékánná bó o díẹ̀díẹ̀ láìsọ ohunkóhun. Ó lè jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn á fi kúrò ní àgbàlá. Ìgbà tó bá wá sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ ni.

"Silas, ṣé o mọ ohun tí mo lè fi ọ́ ṣe?"

Kò sọ ohun tí òun lè fi í ṣe rí, títí ó fi kú. Ohun tí kò sọ yẹn ni Silas ń bá sùn, òun náà ló ń bá jí. Ọjọ́ tí wọ́n sin Fákúnlé, Silas ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ̀ l'Óṣogbo. Ó dúró létí sàréè pẹ̀lú àwọn mọ̀lẹ́bí, wọ́n rọ yẹ̀pẹ̀ lé bàbá náà lórí tán, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì ń làágùn.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ló sìn ín dé ìdí eré ìtàgé. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, Màmá Ọláfúnkẹ́, ló ní ẹgbẹ́ òṣèré kan tó ń ṣe eré àtijọ́: eré ọba àti ìjòyè, eré ogun, àti àwọn eré ilẹ̀ Gíríìkì láéláé tí Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ tú sí Yorùbá, tó dé ládé, tó sì fi ìlẹ̀kẹ̀ sí lọ́rùn. Wọn kì í ṣe fíìmù. Ojú ènìyàn ni wọ́n ti ń ṣe é, láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹni tí ohùn rẹ̀ kò bá dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni Màmá á ní kó lọ jókòó sí.

Ọjọ́ tí Silas lọ tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rán aṣọ eré wọn ṣe, wàhálà wà nílẹ̀. Ọkùnrin tó máa ń ṣe Balógun Ajíbógundé ti ríṣẹ́ sí Àbújá, ó ti lọ. Balógun yìí ni òpó eré náà: òun ló fa ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sétí odò, tó tì í sómi, kí òun lè gorí oyè. Ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n ti dán wò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀kan bú ramúramù bí kìnnìún, ọ̀kan ń lu àyà, ẹ̀kẹta ń yí ojú bí ẹni tí gìrì mú. Silas wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, kò mọ̀ pé òun ń mi orí.

"Ìwọ oníṣẹ́ ẹ̀rọ," ni Màmá wí, "kí lo mi orí sí?"

"Ẹ má bínú, mà. Kò sí nǹkan kan, mà."

"Sọ ọ́."

Silas wo ilẹ̀. "Ẹni tó bá burú tó bẹ́ẹ̀ kì í pariwo, mà."

Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò ó dáadáa. "Ta lẹni tó bà ọ́ lẹ́rù jù láyé ẹ? Má dárúkọ ẹ̀ fún mi. Wá síbí, kó o jókòó bó ṣe máa ń jókòó."

Silas ìbá sá lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù kì í lè kọ̀ fún àgbà. Ó jókòó. Kò sí obì lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú rílì òwú kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Kò wo ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó ń ṣe ìyá ọmọ wọlé wá láti bẹ Balógun pé kó dá ọmọ òun padà, ó dé ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀, gbogbo èyí tó kọ́ sórí fò lọ. Nígbà tí Silas wá sọ̀rọ̀, tó ní, "Ìyá ọmọ, jókòó," obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ìjókòó kankan nínú ìwé eré. Ọkùnrin tó ń lu àyà lẹ́ẹ̀kan bọ́ síta, ó ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn sára.

Bí Silas ṣe di òṣèré nìyẹn. Láti ìgbà náà, ọdún mẹ́jọ rèé, kò sí ọ̀dàlẹ̀ tàbí apani tí Màmá Ọláfúnkẹ́ kò fún un ṣe. Bí ẹ bá bi í léèrè ohun tó rí níbẹ̀, kì í lè sọ ọ́ tán. Ohun tó ń sọ fún Ìdùnnú ni pé fún wákàtí méjì, ẹ̀rù tó ti ń gbé inú òun láti kékeré á kó ẹrù rẹ̀, á lọ jókòó sáàárín àwọn òǹwòran. Òun á máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Òun á gbé ọwọ́ sókè, èémí á dúró. Ẹni tí kò lè bá kọ̀ńdọ́kítọ̀ jiyàn lójú pópó, igba ènìyàn ń gbọ̀n níwájú rẹ̀.

Nígbà kan, lẹ́yìn eré, ọ̀dọ́bìnrin kan dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun kò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́. Ó ní ọkùnrin kan wà nílé àwọn tó máa ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀, tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ìdílé sì ń sọ pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. "Mo rò pé orí mi ló dàrú, sà. Lónìí ni mo rí i pé ẹlòmíràn náà mọ̀ ọ́n." Kò dúró gba èsì, ó kọjá lọ. Silas ronú lé e títí. Kò rí ọmọ náà mọ́.

Ṣùgbọ́n adùn kì í wá lóun nìkan. Ìléríolúwa, ọmọbìnrin rẹ̀, jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ mú un lọ wo eré. Iwájú ni wọ́n jókòó sí. Nígbà tí Balógun fa ọmọ ọba lọ́wọ́, tó ní, "Wá, jẹ́ ká lọ wo ẹja," ọmọ náà kò sunkún, kò kígbe, ó kàn wọ abẹ́ àga lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni kò fi gba oúnjẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bí Silas bá wọ yàrá, ọmọ á jáde. Ní ọjọ́ kẹwàá, Silas sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ti fi eré sílẹ̀. Ìdùnnú ló ta kò ó.

"Bó o bá fi í sílẹ̀, á rò pé òótọ́ ni, pé o lọ fi í pamọ́ ni. Mú un lọ síbi tẹ́ ẹ ti ń kun ojú."

Ó mú un lọ. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí bàbá rẹ̀ ṣe ń fi tìróò fa ìlà sábẹ́ ojú. Nígbà tó ṣe, ó sún mọ́ ọn, ó gba tìróò náà, ó ní ìlà apá òsì kò dọ́gba. Òun ló tún un fà. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù bàbá rẹ̀ ti kúrò lára rẹ̀, ó kéré tán, ohun tó sọ nìyẹn.

Ọdún tó kọjá ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ Màmá lọ ṣe eré Balógun ní Iléṣà, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan, lọ́sàn-án Sátidé. Èrò pọ̀ gan-an, wọ́n sì yọ fóònù. Kò pẹ́ tí ìran etí odò náà fi wọ orí ẹ̀rọ ayélujára, ìṣẹ́jú kan péré, láìsí ìbẹ̀rẹ̀, láìsí òpin: ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ fún ọmọ kékeré, tó fà á lọ́wọ́, tó mú un lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé e kiri kọ orúkọ eré sí i lára. Ẹni kẹwàá kò kọ nǹkan kan. Ẹni tó tẹ̀ lé e kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣọ́ àwọn ọmọ yín o."

Oṣù yẹn gan-an sì ni ìròyìn gbọ́mọgbọ́mọ gba gbogbo ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Kò sí ẹni tó lè dárúkọ ọmọ kan tí wọ́n gbé, kò sì sí ẹni tí kò tíì gbọ́ pé wọ́n gbé e.

Ní ọjọ́rú kan, Silas lọ sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ aránṣọ ló ránṣẹ́ pè é pé ẹ̀rọ mẹ́rin ti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ó tún wọn ṣe, ó jẹun, nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti wọ ọkọ̀ padà. Níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ a máa dúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti bọ̀ọ̀lì. Ọkọ̀ agbégi méjì wà ní ìdúró. Láàárín àwọn méjèèjì ni Silas ti gbọ́ ẹkún.

Ọmọbìnrin kan ni, kò lè ju ọdún mẹ́rin lọ, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń rìn lọ síhà títì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Silas wò yíká bóyá ẹnìkan ń bọ̀ wá gbé e. Kò sí. Kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù ti sọ fún un nínú ara rẹ̀ pé kó má fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kan ti ń sáré bọ̀ látọ̀nà Àkúrẹ́, ó ń fọn fèrè, ọmọ náà sì ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí ọ̀dà. Silas ju àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fò, ó sì fa ọmọ náà lápá. Atẹ́gùn bọ́ọ̀sì náà fẹ́ wọn lójú.

"Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́," ni Silas ń wí. "Dákẹ́, jàre. Wá, jẹ́ ká lọ wá màmá ẹ."

Ohùn yẹn ló kó o sí wàhálà. Obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́yìn ọkọ̀ agbégi, Fàtímọ̀ lorúkọ rẹ̀, gbọ́ "Wá, jẹ́ ká lọ", ó sì yíjú padà. Ó wo ojú Silas. Àmúga iná bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yéè! Òun nì yí! Òun nì yí o! Ẹni tó wà lórí fóònù! Ẹ gbà wá o, ó ti mú ọmọ kan!"

Ẹ ò ní mọ ibi tí àwọn ènìyàn náà ti jáde. Ọlọ́kadà, alágbẹ̀dẹ, àwọn tó ń já ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó ti ń sùn nínú ọkọ̀. Kí Silas tó ka ení, èjì, wọ́n ti yí i ká. Ó la ẹnu, ó fẹ́ sọ pé òṣèré ni òun, ó fẹ́ sọ pé bọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti dè é láhọ́n. "Mo, mo, ọmọ yẹn, mo," ni gbogbo ohun tó jáde. Ìgbátí kan dún létí rẹ̀. Fìlà rẹ̀ fò lọ.

"Ẹ wo bó ṣe ń kólòlò! Ẹ tú àpò rẹ̀!"

Wọ́n da àpò náà sílẹ̀. Sísọ́ọ̀sì ńlá. Abẹ́rẹ́ gígùn, oríṣiríṣi, nínú páálí. Ọ̀bẹ kékeré. Àwọn irin tí ojú wọn kò jọ ohun tí ẹnikẹ́ni rí rí. Ìgò òróró ẹ̀rọ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìgò náà sókè sí oòrùn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi han gbogbo ayé. "Èyí ni wọ́n máa ń fi ra àwọn ọmọ lára kí wọ́n lè dákú!" Ariwo gba òkè. Ẹnìkan na ọwọ́ láti gba ọmọ náà, ọmọ náà figbe ta, ó wé ọwọ́ mọ́ ẹsẹ̀ Silas pinpin. "Ó ti fi oògùn mú un," ni wọ́n wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kejì ti sáré lọ sí àtíbàbà Sàláúdéènì, bàbá arúgbó tó ń lẹ táyà, ó gbé táyà ògbólógbòó kan wá láìtọrọ, ó sọ ọ́ sílẹ̀ níwájú Silas, bàbá náà ń pariwo táyà rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Ẹnìkan bèèrè bẹntiróò. Ẹnìkan dáhùn pé ó ń bọ̀.

Silas gbọ́ ọ. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, láìbínú pàápàá, bí ẹni tó ní kí wọ́n gbé omi wá. Ohun tó rántí lẹ́yìn náà ni pé omi gbóná ń ṣàn nítan òun, àti pé ọmọ náà ń mú òun mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá di igi mú nínú àgbàrá. Ó ronú pé bí wọ́n bá da bẹntiróò sí òun lára, yóò ta sí ọmọ náà.

Orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Orí táyà náà ló jókòó lé.

Nígbà tó sì ti jókòó, nǹkan kan yí padà nínú rẹ̀ tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Ó na ọwọ́ sílẹ̀, ó mú abẹ́rẹ́ kan, ó fẹ́ eruku rẹ̀, ó dá a padà sínú páálí. Ó mú èkejì. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó mú ẹ̀kẹta. Àwọn tó wà níwájú dákẹ́ láti wò ó. Àwọn tó wà lẹ́yìn dákẹ́ láti mọ ìdí tí àwọn ti iwájú fi dákẹ́. Ẹni tó ń gbé ìgò òróró kiri rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ta ló bí ọmọ yìí?"

Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá, ó sì dé ẹ̀yìn ọkọ̀ agbégi kejì.

"Ìwọ tó ń sun bọ̀ọ̀lì. Ṣé ìwọ lo bí i?"

"Rárá o, sà," ni Fàtímọ̀ wí. Ó ti kúnlẹ̀ láìmọ̀.

"Gbogbo yín dúró síbí, ẹ fẹ́ sun ènìyàn, ẹ ò sì mọ ìyá ọmọ." Ó dá abẹ́rẹ́ mìíràn padà. "Bàbá tó ni táyà. Bọ́ọ̀sì wo ló dúró nítòsí láìpẹ́ yìí?"

Sàláúdéènì káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé. "Bọ́ọ̀sì àwọn ìyá ìjọ kan ni, wọ́n wà lábẹ́ igi lọ́hùn-ún, wọ́n ń lọ Àkúrẹ́."

"Ẹ lọ pè wọ́n."

Bàbá arúgbó náà sáré. Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gbà, ṣùgbọ́n nínú ọkàn Silas, odindi ọdún kan ni. Láàárín rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Òun kò tíì wà níbẹ̀ nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ náà bọ́ sílẹ̀, kò mú un.

"Kí lẹ ń wò? Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà ọmọ Ọbòkun, ojú lásán ló fi dè yín yìí?" Ó ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì. Òórùn bẹntiróò tàn kálẹ̀.

Silas kò gbé orí sókè. "Ṣé o mọ ohun tí mo lè fi ọ́ ṣe?" ló wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró gbọn-in. Silas wá wò ó lójú, ó sì rí ohun kan níbẹ̀ tó mọ̀ dunjú: ojú ọmọ tó jókòó ní àgbàlá níwájú Fákúnlé. Nígbà tó rí i, nínú gbogbo ìpayà tó wà, ó dùn mọ́ ọn. Fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, ó dùn mọ́ ọn dé eegun. Ó fẹ́ kó pẹ́. Ohun tó bà á lẹ́rù jù lọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, ó ju táyà lọ, ó ju bẹntiróò lọ.

"Testimony!"

Obìnrin kan ló ń sáré bọ̀, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti já sílẹ̀, bàtà ọmọ kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín àwọn ìyá ìjọ náà, ó rò pé ọmọ wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun, ọ̀rẹ́ rò pé ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ náà tú ọwọ́ ká lára Silas, ó sáré lọ bá a. Gbogbo ojú sì tẹ̀ lé e. Silas mọ̀ pé ohun tó bá jáde lẹ́nu ọmọ yìí ni ìdájọ́.

"Mọ́tò fẹ́ gbá mi," ni Testimony wí, ó ń sunkún. "Bàbá yẹn fà mí. Wọ́n gbá bàbá létí."

Ìyá wo bàtà ọwọ́ rẹ̀, ó wo táyà, ó wo kẹ́ẹ̀gì. Ó yé e. Ó dojúbolẹ̀ níwájú Silas nínú eruku, kò lè sọ ju "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun" lọ. Ẹni tó ni kẹ́ẹ̀gì ti rá láàárín èrò. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ ní òun mọ̀ ọ́n, pé òṣèré ni, òun wo eré rẹ̀ ní Iléṣà. Fàtímọ̀ ń fi ọwọ́ gbá àyà, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé èṣù ló ti òun, ó ń dì bọ̀ọ̀lì mẹ́fà sínú ìwé ìròyìn fún un. Ọlọ́kadà kan tó ti ń pariwo "Ẹ sun ún" lẹ́ẹ̀kan yọ fóònù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òṣèré ni yín lóòótọ́? Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò."

Silas kò lè dìde. Sàláúdéènì ló fa apá rẹ̀, ó sì rí ṣòkòtò rẹ̀ tó tutù. Bàbá náà lọ mú aṣọ ìbora tó máa ń tẹ́ lé àga rẹ̀ wá, ó so ó mọ́ Silas ní ìdí, ó ní, "Alihamudulilai. Ẹ máa lọ sílé, ọmọ mi." Ọkọ̀ kan tó ń padà sí Iléṣà ló gbé e. Kò jẹ bọ̀ọ̀lì náà. Ó gbé e lé itan títí ó fi tutù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kò dé ìdí eré. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Ìdùnnú, ṣùgbọ́n kò sọ èyí tó dùn. Màmá Ọláfúnkẹ́ ló wá sọ ọ́ fún, nígbà tí Màmá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, tó jókòó sáàárín àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti tú palẹ̀.

"Ó dùn mọ́ mi, mà. Ọmọ ènìyàn ń bẹ̀rù, ó sì dùn mọ́ mi."

"Gbogbo ẹni tó ń ṣe ìkà dáadáa ló mọ adùn yẹn," ni Màmá wí. "Èyí tí kò mọ̀ ọ́n ló ń lu àyà. Ìdí tá a fi ń ṣe é lórí ìtàgé nìyẹn, níbi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára."

"Ìpetu kì í ṣe orí ìtàgé, mà."

Màmá fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ kan síwá sẹ́yìn. Ó ní kó wá ṣe ọba rere nínú eré tó kàn, kí ara rẹ̀ sinmi.

Silas ṣe ọba rere. Ó dé adé, ó súre, ó dárí ji àwọn ọ̀tá rẹ̀. Ìléríolúwa, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá báyìí, sọ òótọ́ fún un nígbà tí wọ́n ń rìn lọ sílé. "Bàbá, èèyàn méjì sùn níwájú wa." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó padà sídìí Balógun. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, yóò kọ́kọ́ jáde sórí ìtàgé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, òróró ẹ̀rọ á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Àwọn ènìyàn a máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bá sì tún padà jáde pẹ̀lú tìróò lábẹ́ ojú, wọn kì í rẹ́rìn-ín mọ́.

Kì í dá wọ ọkọ̀ mọ́ báyìí. Bó bá rí ọmọ tó ń sunkún lójú ọ̀nà, yóò dúró, yóò kọ́kọ́ pe obìnrin kan sí i kó tó sún mọ́ ọn, inú rẹ̀ kì í sì dùn sí ara rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe é. Lóṣù tó kọjá, lẹ́tà kan dé láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú ló kọ ọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí Balógun wá ṣeré fún àwọn lẹ́yìn Àjíǹde. Màmá ní Silas ni kó pinnu. Lẹ́tà náà wà nínú àpótí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù. Ìdùnnú bi í léèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò tún bi í mọ́. Silas kò tíì dá wọn lóhùn.